Ọjọ́bọ̀ dé, àríyànjiyàn dé: Ṣé Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ la fẹ́ kà ni, àbí ti Ìmọ́lẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ti pẹ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ dúró di Ọjọ́bọ̀, kí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ Ròsárì. Bó bá jẹ́ Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni àná ni, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kí ọdún 2002 tó dé. Bó bá sì jẹ́ Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìsinsìnyí ni, tàbí kó jẹ́ àgbàlagbà tó gbà kí àwọn ọmọ tún un kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Ìsàn-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní dárúkọ onílé, torí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Màmá àgbà jókòó sí pálọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wá kí wọn, àwọn ọmọ-ọmọ náà wà níkàlẹ̀. Màmá ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ṣe wá bá Màríà. Ni ọmọ bá ní, "Màámi, ti Ìmọ́lẹ̀ ni tòní o, kì í ṣe ti Ayọ̀ mọ́." Màmá wò ó lójú, wọ́n ní, "Ta ló yí i padà? Ṣé wọn ò bí Jésù mọ́ ní Ọjọ́bọ̀ ni?" Ká tó wí, ká tó fọ̀, àdúrà ti di ẹjọ́.

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Ìdáhùn ibẹ̀ máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀. Ọmọ mọ ètò tuntun, Màmá di ètò àtijọ́ mú, ìjọ kò sì fi òfin de ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó nídìí tí ètò ọjọ́ fi wà, ó sì nídìí tí wọ́n fi yí i padà. Ẹni tó bá mọ ìdí méjèèjì kò ní bá ìyá ẹ̀ jà lórí Ọjọ́bọ̀ mọ́.

KÍ NI WỌ́N Ń KÀ GAN-AN?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ń rí lọ́rùn tàbí lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì, tó ní àgbélébùú kékeré lórí, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ońkà ni. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59) ni hóró ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀. Mẹ́tàléláàádọ́ta (53) ni wọ́n fi ń ka Mo Kí Ọ Màríà, mẹ́fà yòókù ni wọ́n fi ń ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run. Ẹ̀yin Mùsùlùmí wa tí ẹ ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Ọwọ́ ló ń bá ọkàn kà á, kí ọkàn má baà máa ṣírò bó ṣe ń gbàdúrà.

Ìpín márùn-ún ni wọ́n máa ń kà lẹ́ẹ̀kan. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní Bàbá Wa kan, Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá, àti Ògo ni fún Bàbá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti mọ ohun tó ń lọ gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tí àwọn Kátólíìkì ń wí ohun kan náà ní àwítúnwí?" Ẹnu ló ń wí ohun kan náà o, ọkàn ò dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìpín kan, wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìgbé ayé Jésù àti ìyá rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni wọ́n á máa rò bí ẹnu ṣe ń kà á lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní ìjìnlẹ̀. Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá yẹn wá dà bí ìlù tó ń lọ lábẹ́, ìjìnlẹ̀ ni orin tó ń lọ lókè.

Ogún ni ìjìnlẹ̀ náà lónìí, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ sọ nípa bí áńgẹ́lì ṣe mú ìròyìn wá fún Màríà, bí Màríà ṣe lọ kí Èlísábẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe bí Jésù, bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì, àti bó ṣe sọnù tí wọ́n tún rí i. Ìjìnlẹ̀ Ìbànújẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà tí Jésù ti ń làágùn bí ẹ̀jẹ̀. Ó kan bí wọ́n ṣe nà án ní pàṣán, bí wọ́n ṣe dé e ládé ẹ̀gún, bó ṣe ru àgbélébùú, títí dé ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ ọn. Ìjìnlẹ̀ Ògo ni àjíǹde, ìgòkè re ọ̀run, bíbọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́, bí Ọlọ́run ṣe gbé Màríà lọ sọ́run, àti bó ṣe dé e ládé.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọmọ ìkẹyìn. Ìrìbọmi Jésù ní odò Jọ́dánì ló ṣáájú. Ìgbéyàwó Kánà tẹ̀ lé e, níbi tí ọtí ti tán mọ́ onínàáwó lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe òde rí mọ irú ìtìjú tíyẹn jẹ́! Ẹ̀kẹta ni bí Jésù ṣe ń kéde ìjọba Ọlọ́run tó ń pe àwọn èèyàn kí wọ́n ronú pìwà dà. Ẹ̀kẹrin ni bí ìrísí rẹ̀ ṣe yí padà lórí òkè, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí oòrùn. Ẹ̀karùn-ún ni oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, níbi tó ti fi ara àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

ÈTÒ ÀNÁ ÀTI ÈTÒ ÒNÍ

Ètò tí Màmá àgbà kọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ katikísímù rèé. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, Ayọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì, Ìbànújẹ́. Ọjọ́rú, Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú, Ògo. Ó rọrùn, ó ń yí po bí àgbá. Ayọ̀, Ìbànújẹ́, Ògo, ó tún di Ayọ̀, Ìbànújẹ́, Ògo, Ọjọ́ Àìkú wá gba Ògo tiẹ̀ lọ́tọ̀ torí àjíǹde.

Ètò tí ọmọ Màmá ń tẹ̀ lé rèé báyìí. Ọjọ́ Ajé, Ayọ̀. Ìṣẹ́gun, Ìbànújẹ́. Ọjọ́rú, Ògo. Ọjọ́bọ̀, Ìmọ́lẹ̀. Ẹtì, Ìbànújẹ́. Àbámẹ́ta, Ayọ̀. Àìkú, Ògo.

Ẹ wò ó dáadáa, ọjọ́ méjì péré ló yí padà. Ọjọ́bọ̀ kúrò ní Ayọ̀, ó di Ìmọ́lẹ̀. Àbámẹ́ta kúrò ní Ògo, ó di Ayọ̀. Márùn-ún yòókù wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Nítorí ọjọ́ méjì yìí ni gbogbo wàhálà.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run lóòjọ́ kan. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó mọ̀wé máa ń ka Sáàmù, àádọ́jọ (150) sì ni Sáàmù inú Bíbélì. Àwọn tí kò mọ̀wé, àwọn àgbẹ̀ àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kò rọ́nà kà á. Ni wọ́n bá ń fi àdúrà kúkúrú tí wọ́n mọ̀ lórí rọ́pò, wọ́n ń fi okùn àti kóókó kà á. Ìdí nìyẹn tí Mo Kí Ọ Màríà fi di àádọ́jọ, ìyẹn ìpín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ò rí i pé àdúrà tálákà ni Ròsárì láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò ní ìwé ló ni ín.

Lọ́dún 1569, Póòpù Pius Karùn-ún fi ìwé àṣẹ gbé ètò Ròsárì kalẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1571, àwọn ọkọ̀ ojú omi àwọn Kristẹni bá ti ilẹ̀ Tọ́kì pàdé ní Lepanto, wọ́n sì borí. Póòpù ti ní kí àwọn èèyàn máa ka Ròsárì kí ogun náà tó dé, ó sì ní Màríà ló gbà wọ́n. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá yẹn ni àjọ̀dún Ròsárì títí dòní. Lọ́dún 1883, Póòpù Leo Kẹtàlá ní kí wọ́n ya gbogbo oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún un. Bí oṣù ọ̀hún bá ti wọlé, tí ẹ bá ń gbọ́ Mo Kí Ọ Màríà ládùúgbò lálaalẹ́, ibi tó ti wá nìyẹn.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Orúkọ tí Yorùbá ń pe ìjọ náà ti dáhùn. Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn tó dé láti Brazil, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n tún padà wálé. Kí fáda kankan tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ẹrú tó gba òmìnira, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Lọ́dún 1863 tí Fáda Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ SMA wọ Èkó, ó bá àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀. Ẹ̀sìn náà wá ń gba inú ilẹ̀ Yorùbá lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé Èkìtì. Lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó ni Èkìtì wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1972 ló dá dúró, Bíṣọ́ọ̀bù Michael Fagun ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Felix Ajakaye sì gba ipò lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2010. Ìjìnlẹ̀ Ròsárì wọ orúkọ iléèwé pàápàá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Annunciation School tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn?

PÓÒPÙ TÓ TÚN ÈTÒ ṢE

Láti ọdún 1569 títí di ọdún 2002, ó lé ní irínwó ọdún, ìjìnlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjọ ń kà. Póòpù John Paul Kejì ló fi márùn-ún kún un. Ẹ̀yin àgbà wa rántí bàbá yẹn dáadáa. Àwọn ló wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1982, tí wọ́n dé Ìbàdàn, tí wọ́n tún padà wá lọ́dún 1998. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n kọ lẹ́tà kan sí gbogbo ìjọ lórí Ròsárì. Inú lẹ́tà náà ni Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ ti jáde.

Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ padà sórí ètò àtijọ́, ẹ óò rí ihò kan níbẹ̀. Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ parí síbi tí Jésù ti sọnù ní tẹ́ńpìlì, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ìjìnlẹ̀ Ìbànújẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n mú un. Gbogbo ohun tó wà láàárín ńkọ́? Ìwàásù ńkọ́? Àwọn iṣẹ́ ìyanu ńkọ́? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ìtàn ẹnì kan, tí wọ́n sọ ti ìkómọ ẹ̀, tí wọ́n sì fò dé ibi tí wọ́n ti ń gbé òkú ẹ̀. Àlàfo yẹn ni Ìmọ́lẹ̀ wá dí. Àwọn kọ́ ló sì kọ́kọ́ rò ó. Fáda kan ní Malta, George Preca, ti kọ ìjìnlẹ̀ ìmọ́lẹ̀ márùn-ún sílẹ̀ láti ọdún 1957. Ọdún 2007 ni ìjọ sọ bàbá yẹn náà di ẹni mímọ́.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀? Ìjìnlẹ̀ karùn-ún ló ṣàlàyé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Jésù jẹ oúnjẹ ìkẹyìn, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ tí a ń ṣe kí Ọjọ́ Ẹtì Rere tó dé. Ẹtì jẹ́ ti Ìbànújẹ́ torí ọjọ́ yẹn ló kú. Àìkú jẹ́ ti Ògo torí ọjọ́ yẹn ló jí. Àbámẹ́ta ńkọ́? Ọjọ́ Màríà ni láti ìgbà pípẹ́ wá, inú Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ sì ni Màríà ti hàn jù. Bí wọ́n ṣe gbé Ayọ̀ kúrò ní Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e lọ, wọn ò gbé e dànù.

Ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbọ́ rèé. Nínú lẹ́tà yẹn náà, Póòpù fúnra wọn sọ pé àbá ni ètò ọjọ́ náà, pé òun kò fi dí òmìnira ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà dá gbàdúrà ni, ì báà jẹ́ láwùjọ. Títí dòní, àwọn Kátólíìkì kan ṣì wà káàkiri ayé tí wọ́n dúró lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àtijọ́, ìjọ kò lé wọn jáde.

Ọ̀SẸ̀ TIWA NÁÀ LÓ ẸNU

Ọ̀rọ̀ pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ni ín kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ mẹ́rin la fi ń ka ọ̀sẹ̀: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Ìrè-Èkìtì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ògún kò jìnnà sí Ìsàn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá dé, a fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó nítumọ̀. Ajé, ọjọ́ tí ọlọ́jà ń wá owó. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí a fẹ́ borí ọ̀tá. Ọjọ́rú, tí àwọn àgbà ń sọ pé nǹkan máa ń rú lójú. Ẹtì, ọjọ́ tí nǹkan ń tì, tí ẹlòmíì kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun tuntun. Àìkú, ọjọ́ tí ikú kò ní agbára.

Ẹ wá gbé àwọn orúkọ yìí lé Ròsárì lórí. Ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan ń tì, òun náà ni ọjọ́ àgbélébùú. Ọjọ́ Àìkú, òun náà ni ọjọ́ àjíǹde. Ọjọ́rú tí ọ̀rọ̀ rú pọ̀, Ògo ni wọ́n ní kéèyàn kà sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yani lẹ́nu jù, torí Ìbànújẹ́ ni wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n kí ni Kristẹni gbà gbọ́? Kì í ha ṣe pé orí àgbélébùú gan-an ni ìṣẹ́gun ti wá? Kò sẹ́ni tó jókòó ní Róòmù tó fi Yorùbá ṣètò yìí o. Ó kàn bọ́ sí i ni, ẹni tó bá sì ń fi èdè wa gbàdúrà lè jẹ èrè ibẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Èyí gan-an ni iṣẹ́ tí ètò ọjọ́ ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí kálukú máa mú ìjìnlẹ̀ tó wù ú, ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn kò ní ka Ìbànújẹ́ láé, ẹni tí ayé nà ní pàṣán kò sì ní kúrò nínú ẹ̀. Ètò ọjọ́ ló ń fà wá jáde. Ó ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù pé lónìí tó jẹ́ Ìṣẹ́gun, rántí ẹni tí wọ́n ń nà. Ó ń sọ fún opó pé lónìí tó jẹ́ Ajé, áńgẹ́lì ṣì ń wọlé tọ èèyàn wá.

Àwọn obìnrin Ìsàn tí wọ́n ń mọ ìkòkò lè yé wa sí i. Ìlú yẹn lórúkọ nídìí iṣẹ́ amọ̀. Amọ̀ tí wọ́n wà lónìí kọ́ ni wọ́n máa sun lónìí. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó fi iná sí i. Ẹni tó bá fo ọjọ́ kan nínú iṣẹ́ yẹn, iná ni yóò fi hàn án. Ọ̀sẹ̀ Ròsárì náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe lára èèyàn.

NÍGBÀ TÍ ỌJỌ́ AYỌ̀ BÁ DI ỌJỌ́ Ẹ̀JẸ̀

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tí kàlẹ́ńdà wí máa ń bá ohun tí ojú rí mu. Ará Èkìtì kò gbàgbé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn agbébọn dá àwọn ọba lọ́nà lápá Ìkọ̀lé, bí wọ́n ṣe ń ti ìpàdé bọ̀. Wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọléèwé àtàwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì ba gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà lágbègbè yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jókòó lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó ní Ayọ̀ lòun ń kà? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún inú Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ yẹn wò. Nínú ìkẹrin, bàbá arúgbó Síméónì sọ fún Màríà pé idà yóò gún un lọ́kàn. Nínú ìkarùn-ún, ọmọ sọnù, ìyá àti bàbá wá a títí di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i. Ta ló sọ pé ayọ̀ yẹn kò ní omijé nínú? Ìyá tí wọ́n jí ọmọ ẹ̀ gbé lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò sí àdúrà tó bá tiẹ̀ mu ju ti ìyá tó ń wá ọmọ kiri Jerúsálẹ́mù lọ. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú àwọn ọmọ Emùré sílẹ̀. Awakọ̀ wọn kò bá wọn padà, wọ́n ti pa á.

Ní Ọ̀wọ̀ náà, tó jẹ́ pé abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti Èkìtì wà kí ọdún 1972 tó dé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022 kò ṣeé gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Ìjìnlẹ̀ Ògo kẹta, bíbọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́, gan-an ni wọ́n ń ṣàjọ̀dún ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier nígbà tí wọ́n yin ìbọn àti bọ́ǹbù lù wọ́n nínú Máàsì. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní ogójì. Ọjọ́ Ògo ni kàlẹ́ńdà pè é. Ògo tí wọ́n ń wí sì rèé, ọgbẹ́ ìṣó wà lára ẹni tó jí dìde síbẹ̀síbẹ̀.

ỌJỌ́BỌ̀ TÍ ÀWỌN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ GAN-AN YÍ PADÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn pé dandan ni Ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ sọ ti ọdún 2020 fún un. Ìpànìyàn pọ̀ káàkiri Nàìjíríà lọ́dún náà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ilẹ̀ yìí wá kéde ogójì ọjọ́ àdúrà, láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní bó bá wá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ayẹyẹ òmìnira, kí gbogbo ìjọ ka ìpín márùn-ún Ròsárì, kó sì jẹ́ Ìjìnlẹ̀ Ìbànújẹ́, kí Ọlọ́run gba Nàìjíríà.

Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2020 bọ́ sí? Ọjọ́bọ̀ ni!

Ẹ ti gbọ́ ọ. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé Ìmọ́lẹ̀ ló ni Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì mú ìjìnlẹ̀ tó bá ìrora ẹ̀ mu. Bí bàbá ilé bá lè yí ètò padà nígbà tí ilé ń jó, kí ló dé tí a fẹ́ fi kàlẹ́ńdà pa Màmá àgbà lẹ́nu mọ́?

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń SÁRÉ OÚNJẸ ÒÒJỌ́ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí kò jókòó sílé. Aago márùn-ún ìdájí lẹ ti ń lé bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ á ti ṣú kẹ́ ẹ tó dé. Ìpín márùn-ún Ròsárì kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ béèyàn ò bá kánjú. Ẹni tí kò ráyè lè pín in. Ìpín kan nínú ọkọ̀, ìpín kan nígbà ìsinmi ọ̀sán, ìyókù kó tó sùn. Ẹni tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ìka mẹ́wàá tí Ọlọ́run fún un tó o kà.

Bí iṣẹ́ bá dí i yín lọ́wọ́ tí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò sí gbèsè nílẹ̀. Ẹ má ka Ìbànújẹ́ àti Ògo pọ̀ lọ́jọ́rú bí ẹni ń san àjẹsílẹ̀ àjọ. Ìjọ kò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò ka Ròsárì lọ́jọ́ kan. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọjọ́ bá dé. Bó bá jẹ́ láwùjọ lẹ wà, bíi ti Legion of Mary tàbí àwọn ọmọdé Block Rosary, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹgbẹ́ ń kà. Ohun tó dùn nínú ètò ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó wà ní Ìsàn, ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó, àbúrò ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì, ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni gbogbo wọn ń rò lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Nígbà tí Póòpù Leo Kẹrìnlá ní kí gbogbo ìjọ máa ka Ròsárì lójoojúmọ́ nítorí àlàáfíà ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, irú ìṣọ̀kan yẹn ni wọ́n ń wá.

Àwa ò rí ìdí tí Ọjọ́bọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa dá ìjà sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ka Ìmọ́lẹ̀, kí ohùn yín lè ṣọ̀kan. Nílé, bí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ Ayọ̀, ẹ gbè é. Àwọn ló kọ́ yín ní àdúrà náà kó tó di pé ẹ mọ̀ pé ó ní kàlẹ́ńdà. Bí wọ́n bá sì parí ìpín karùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká tún fi ìgbéyàwó Kánà kún un." Ẹ óò rí i pé wọn ò ní kọ̀. Ìyá wo ni kò fẹ́ gbọ́ ìtàn òde tí ọtí ti tán, tó jẹ́ pé ìyá ló sọ fún ọmọ, tí ọmọ sì gbọ́ tìyá?